Bí a ṣe ń ka lẹ́tà DNA ènìyàn àti ti adìyẹ lórí kọ̀ǹpútà

Àwọn ọmọ SS3 tí mò ń kọ́ ní bàọ́lọ́jì ní Iléṣà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí odindi DNA ènìyàn. Mi ò kì í gbà fún wọn. Ó lé ní bílíọ̀nù 3 lẹ́tà (A, C, G àti T ni lẹ́tà DNA), dátà wọn yóò sì tán síbẹ̀. Ti máìtókọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, ni kí ẹ mú: fáìlì rẹ̀ kò wúwo tó fọ́tò kan.

Ẹ lọ sórí NCBI, ìkànnì tí wọ́n ń kó dátà DNA sí, ẹ tẹ NC_012920 fún ènìyàn, NC_001323 fún adìyẹ. Ẹ gbà wọ́n ní FASTA, irú fáìlì tó kọ lẹ́tà DNA sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ ṣí wọn nínú Word. Ìlà àkọ́kọ́ tó fi > bẹ̀rẹ̀, orúkọ ni. Ẹ pa á rẹ́, torí lẹ́tà inú rẹ̀ yóò da ìṣirò yín rú. Ẹ wá lo Replace: ẹ fi A rọ́pò A, ẹ tẹ Replace All. Nǹkan kan kò ní yí padà, ṣùgbọ́n Word yóò sọ iye A tó bá pàdé. Ẹ ṣe C, G àti T bákan náà.

Ti ènìyàn: A 5,124, C 5,181, G 2,169, T 4,094. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16,568, bẹ́ẹ̀ fáìlì ní 16,569 ni. Ẹ má fòyà. N kan wà ní ipò 3,107. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́dún 1999, wọ́n rí i pé lẹ́tà kan ti lé níbẹ̀. Wọ́n fi N dí àyè rẹ̀ kí nọ́ńbà ìyókù má baà yẹ̀. Inú mi máa ń dùn gan-an bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ rí N yẹn.

G àti C ti ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 44%. Ti adìyẹ, nínú lẹ́tà 16,775, jẹ́ nǹkan bí 46%. Ó ti tó mílíọ̀nù 310 ọdún tí ìran wa ti yà kúrò lára ti ẹyẹ! Ẹ tún wò ó: nínú méjèèjì, G ló kéré jù, C ló pọ̀ jù, A sì tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí. Jíìnì 37 kan náà ni wọ́n ní, àfi pé jíìnì ND6, tó wà láàárín jíìnì ND5 àti CYTB lára wa, ti bọ́ sẹ́yìn CYTB lára adìyẹ.

Ẹ má fi iye lẹ́tà yìí ṣèdájọ́ DNA inú núkílíọ́ọ̀sì, àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, o. Níbẹ̀, iye lẹ́tà ti adìyẹ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán ti ewúrẹ́ àti ẹyẹlé wò. Okùn méjì ni DNA ní, G kọjú sí C, A kọjú sí T: bí G bá pọ̀ ju C lọ, okùn kejì ni fáìlì yín. Ẹ pààrọ̀ iye G pẹ̀lú ti C, iye A pẹ̀lú ti T, kí ẹ tó fi wọ́n wéra.