Bí a ṣe ń wádìí ohun tó ba iṣẹ́ jẹ́ kí a tó tún un ṣe

Nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé kí a tètè tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a ṣe ń wo ẹ̀yìn náà, yálà ní ìsọ̀, ní ọ́fíìsì tàbí nínú ilé, ni àlàyé yìí dá lé, nítorí iṣẹ́ tí a sáré tún ṣe láìmọ ohun tó bà á jẹ́ lè tún bàjẹ́ bákan náà lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe da ohun tó bàjẹ́ nù. Aṣọ tí a gé kúrú, ìkòkò tó fọ́, lẹ́tà tí wọ́n dá padà, rísíìtì ọjà tí a pàdánù lórí rẹ̀: ẹ tọ́jú wọn títí ìwádìí yóò fi parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, bó ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè sọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Bí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ohun tí a rò pé a rántí yóò ti máa gbè sẹ́yìn wa.

Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí a yọ ẹ̀bi kúrò nínú ìbéèrè wa. Ọ̀gá tó bá wọlé tó ní “Ta ló ṣe èyí?” yóò rí orúkọ gbà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó rí òótọ́ gbà, nítorí ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ pé ìyà ń bọ̀ yóò wá irọ́ tó bójú mu sọ. “Báwo lẹ ṣe ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀?” ni ìbéèrè tó ń mú kí ẹnu yá. Ní Ìlọrin níbí, a tún fẹ́ràn láti fi “kádàrá Ọlọ́hun ni” pa ọ̀rọ̀ dé. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí kádàrá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì yẹ ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ wò kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti ti ọ̀ràn sí kádàrá lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ni a óò wá máa tọ ìdí ọ̀rọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan, Taiichi Ohno kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti béèrè “kí ló fà á?” lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí ìṣòro kan ṣoṣo, nítorí ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà dé gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ ìsọ̀ aránṣọ, ká ní apá jálàbíà oníbàárà kan kúrú. Kí ló fà á? Wọ́n gé e kúrú ni. Kí ló dé? Iye tó wà nínú ìwé ni ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé. Kí ló dé tí iye inú ìwé fi kéré? Téèpù ọ̀gá ti gbó, ó sì ti fà, débi pé apá tó gùn tó ìnṣì 24 ń fi 23 àti ààbọ̀ hàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń lò ó. Kí ló dé tí aṣọ kò kúrú látẹ̀yìnwá? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó jẹ́ pé téèpù kan náà ni wọ́n fi ń wọn ara, òun náà ni wọ́n sì fi ń gé aṣọ, àṣìṣe kan ń pa èkejì rẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ra téèpù tuntun tirẹ̀, tó fi ń gé ohun tí ọ̀gá fi ti àtijọ́ wọ̀n, ni apá aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ọmọ tí wọn ì bá fi ìyà jẹ, ohun èlò tó péye ló rà. Ẹ gbé téèpù yín lé rúlà irin kí ẹ wò ó.

Nígbà tí a bá ń dán àtúnṣe wò, ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ní Dáda, ní Òkèlélé ní Ìlọrin níbí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, ìkòkò lè bẹ́ sínú iná nítorí pé omi ṣì kù nínú amọ̀, tí omi náà sì di oru tó ń wá ọ̀nà jáde. Ó sì lè sán nítorí pé ọyẹ́ ti mú ẹnu rẹ̀ gbẹ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Bí amọ̀kòkò bá pààrọ̀ amọ̀, tó fi kún ọjọ́ tó ń sá a, tó sì dín iná kù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì yege, kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpáàdì gan-an lè sọ nǹkan fún un, nítorí èyí tó bẹ́ yángá-yángá kò jọ èyí tó kàn sán létí ẹnu.

Ohun tí a bá rí, kí a sọ ọ́ di ìlànà tí a kọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ọkọ̀ òfurufú tuntun kan tí Boeing ṣe já lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà kété tó gbéra, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wà á kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n gbàgbé láti ṣí ohun tí a fi ń ti ìrù rẹ̀ pa kí atẹ́gùn má baà máa mì ín nílẹ̀. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ìwé pélébé tí wọ́n to àwọn ohun tó yẹ ní ṣíṣe sí, tí awakọ̀ òfurufú ń kà kí ó tó gbéra. Ó wù mí kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ìsọ̀.

Nínú ilé, kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀: bí owó oúnjẹ bá ń tán kí oṣù tó parí, kí a kọ ohun tí a rà sílẹ̀ fún oṣù kan, kí tọkọtaya sì jọ kà á láìsí ariwo.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwádìí kò ràn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ọjọ́ tí aṣọ yẹ kó parí, bíbéèrè ìdí kò ní dá iná padà. Àyè ni kí a fi sílẹ̀ nínú ọjọ́ tí a ń dá fún oníbàárà. Fún aránṣọ, ìgbà tó dára jù láti tún ìwé ọdún tó kọjá kà ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú Iléyá, kí ó tó gba aṣọ ẹnikẹ́ni, kí ó lè mọ iye tí apá rẹ̀ ká.