Wárápá, ìsínwín àti àyẹ̀wò ìgbì ọpọlọ: àwọn àṣìṣe tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Wárápá gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Ó sùn, ó jí, ó jẹun, ó bá ará ilé sọ̀rọ̀ dáadáa. Inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ó ní wọ́n fẹ́ pa òun.

Ibí ni àṣìṣe tó burú jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹbí á ní ara rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ò kan wárápá mọ́, ayé ló ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, àlàfo ọjọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ ní láti sọ fún dókítà. Ìsínwín kan wà tó máa ń tẹ̀lé wárápá tó gbé ènìyàn léraléra, ó sì sábà máa ń dé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Mo mọ bí ẹnu ayé ṣe rí, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi wárápá pamọ́ fún dókítà. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹni tó ní wárápá ló máa ṣe wèrè. Nínú ènìyàn 100, bíi 6 ni ìsínwín ń bá jà.

Àwọn oníṣègùn pàápàá ti ṣìnà rí. Ní 1934, Ladislas Meduna ní Budapest gbà pé wárápá àti ìsínwín kì í gbé inú ara kan náà; ó ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn tí yóò mú gìrì bíi ti wárápá gbé wọn, kí gìrì lè lé ìsínwín lọ. Ṣùgbọ́n ní 1963, dókítà méjì, Slater àti Beard, kọ̀wé nípa aláìsàn 69 ní London tí méjèèjì jọ ń dà láàmú.

Àṣìṣe mìíràn ni kí èsì EEG, ìyẹn àyẹ̀wò ìgbì ọpọlọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, jáde láìní àbùkù, kí ẹ sì da oògùn nù. Ẹ̀rọ náà kì í fi iná sára ènìyàn. Iná kékeré tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń mú jáde ló ń gbà sílẹ̀, bí Hans Berger ti kọ́kọ́ ṣe é ní Jena, Jámánì, ní 1924. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, wárápá sì lè má yọjú rárá lásìkò náà. Bíi ìdajì àwọn tó ní wárápá ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í rí nǹkan kan lára wọn. Landolt, dókítà ará Switzerland, tilẹ̀ rí àwọn kan tí ìgbì ọpọlọ wọn ń tò dáadáa ní àkókò tí ìsínwín mú wọn gan-an.

Oògùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Clozapine tí wọ́n ń lò fún ìsínwín lè da ìgbì ọpọlọ rú, ó sì lè fa gìrì. Levetiracetam tí wọ́n ń lò fún wárápá lè mú kí àwọn kan máa bínú tàbí kí wọ́n máa gbọ́ ohùn. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dá oògùn wárápá dúró lójijì, nítorí gìrì lè bẹ̀rẹ̀ kó má dáwọ́ dúró, ó sì lè pa ènìyàn.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò EEG, ẹ tú àtáṣì, ẹ bọ́ wíìgì, ẹ fọ irun, ẹ má sì fi òróró kankan sí i, kí wáyà lè kan awọ orí.