Bí ohun tẹ́ ẹ kà ṣe lè dúró sórí yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbéra ní Mushin lọ kọ́ṣẹ́ ní Island lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Orí yín ò kú rárá o.

Ìyá kan wà ní Balógun tí mo máa ń ra àǹkárá lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ní ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù wọn dé àjà, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ṣáà nawọ́ sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó ní èló, wọ́n á ti dá owó ẹ̀ lé e àti iye yáàdì tó ṣẹ́kù, ojú wọn ò ní kúrò lára owó tí wọ́n ń kà. Mo ní ẹ̀yin ìyá, báwo lẹ ṣe há gbogbo èyí sórí? Wọ́n ní, "Mi ò há nǹkan kan o, ọmọ mi, àwọn èèyàn ló ń bi mí ṣáá."

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe náà nìyẹn, ẹ máa bi ara yín. Ẹ ka ojú ewé méjì, ẹ pa ìwé dé, ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ rántí sẹ́yìn bébà láìwo ibì kan. Ó máa ni yín lára, ẹ tiẹ̀ máa rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ má tètè ṣíwèé o, wíwá tẹ́ ẹ ń wá a yẹn ló ń jẹ́ kó wọlé. Ibi tẹ́ ẹ bá gbàgbé nìkan ni kẹ́ ẹ padà lọ kà.

Ẹ má sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Ebbinghaus, há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí ò nítumọ̀ sórí, ó ń dán ara ẹ̀ wò, ó sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní 1885: wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ la máa ń gbàgbé jù, lẹ́yìn ìyẹn ó á wá máa rọra lọ. Torí náà, ẹ tún bi ara yín lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ní ọ̀túnla, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ìbéèrè márùn-ún sórí bébà kékeré láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland láti Oworo dé Adéníji tó fún un dáadáa, kí fóònù wà nínú báàgì.

Kíkàwé mọ́jú, èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tẹ́ ẹ kọ́ lọ́sàn-án.

Tó bá di ibi tẹ́ ẹ ti ń kà á, àwọn òmùwẹ̀ kan kọ́ ọ̀rọ̀ lábẹ́ omi ní 1975, abẹ́ omi náà ni wọ́n ti rántí ẹ̀ jù. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ń kà, lónìí ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́la ní bàkónì, kó má lọ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ti ń wá sí yín lọ́kàn.

Ẹni tó bá sì ní òun ti dàgbà jù, àgbàlagbà làwọn awakọ̀ takisí London, tí wọ́n há ọ̀nà ìlú náà sórí, tí wọ́n gbé fọ́tò ọpọlọ wọn jáde ní 2000, apá ẹ̀yìn hippocampus wọn, níbi tí ọpọlọ ti ń mójú tó ọ̀nà àti ìrántí, tóbi ju ti ẹlòmíì lọ, ti ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló sì tóbi jù.

Tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ pe ọmọ yín jókòó, ẹ ṣàlàyé ojú ewé kan fún un. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń kólòlò, ẹ fàlà sí i, òun lẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín nínú danfo láàárọ̀ ọ̀la.