Bí Ẹ Bá Fẹ́ Mú Màmá Lọ Jẹun Nílé Oúnjẹ Vietnam Ìgbàlódé

Orí fóònù ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ Vietnam ìgbàlódé tó wà ní Houston tí mò ń gbé yìí, pàápàá àwọn tó wà lójú ọ̀nà Bellaire Boulevard, kì í sábà ráyè fún ẹni mẹ́fà tó bá já wọlé lójijì lálẹ́ Sátidé. Ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bó bá fi lè di aago méje, orin á ti lọ sókè, iná á ti di bàìbàì, màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé á sì máa bi yín bóyá NEPA ti mú iná lọ ni. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba àyè pé àgbàlagbà wà láàárín yín, kí wọ́n má lọ gbé yín sórí àga gíga tí ẹsẹ̀ kì í kanlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè fara da àga yẹn.

Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ má jẹ́ kí kálukú dá oúnjẹ tirẹ̀ mú. Ibí gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ń fowó ṣòfò. Ó ti mọ́ wa lára: abọ́ ìrẹsì kan, ẹran méjì, kálukú kọjú sí tirẹ̀. Nílé àwọn ará Vietnam, ìrẹsì funfun ló máa ń wà nínú abọ́ kékeré iwájú oníkálukú. Ẹja, ẹran, ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ olómi á wà láàárín, gbogbo ọwọ́ á sì máa lọ síbẹ̀. Ètò inú ilé yìí náà ni àwọn ilé oúnjẹ tuntun ń tẹ̀ lé, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e sínú àwo tó rẹwà. Abọ́ wọn kéré, èyí tó bá sì kọ́kọ́ jinná ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wá. Ẹni tó bá dá abọ́ kan ṣoṣo mú, ebi á pa á, á sì tún sanwó gidi.

Fún ẹni márùn-ún, báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é. Mo máa ń kọ́kọ́ mú cá kho tộ, ẹja tí wọ́n fi ṣúgà jíjó, omi ẹja àti ata dúdú sè nínú ìkòkò amọ̀ títí omi rẹ̀ fi ki. Bí màmá bá ti rí ìkòkò amọ̀ lórí tábìlì, ọkàn wọn á balẹ̀ díẹ̀. Bò lúc lắc ló tẹ̀ lé e, ẹran màlúù rírọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n dà sínú agbada gbígbóná, tí wọ́n sì ń gbọ̀n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi jó díẹ̀. Òun ni àwọn ọmọ máa ń jà sí. Rau muống, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi aáyù dín, kò gbọdọ̀ ṣàì sí lórí tábìlì. Ẹ fi apá adìyẹ dídín tí wọ́n yí nínú omi ẹja kún un, àti abọ́ phở (ọbẹ̀ olómi onindomie ìrẹsì) ńlá kan fún àárín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kó abọ́ kéékèèké wá. Ẹ má gbàgbé láti béèrè ìrẹsì, cơm lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé oúnjẹ, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gba owó rẹ̀. Ní ti gỏi cuốn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ míràn. Màmá tó bá rí ewé tútù àti edé nínú awọ tó ń hàn gbangba lè bi yín pé ta ló gbàgbé láti sè é.

Òórùn omi ẹja, nước mắm, ló máa kọ́kọ́ kọlu imú wọn. Ẹja wẹ́wẹ́ inú òkun ni wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ sínú àgbá fún nǹkan bí ọdún kan. Omi tó bá sun jáde lára rẹ̀ ni nước mắm, erékùṣù Phú Quốc sì lókìkí gan-an nídìí rẹ̀. Ẹ sọ fún màmá pé bí irú ṣe jẹ́ sí wa ló ṣe jẹ́ sí àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ń fi irú wooro se ẹ̀fọ́ ò lẹ́nu láti bá nước mắm wí. Èyí tí wọ́n gbé síwájú yín nínú abọ́ kékeré ti kúrò ní ògidì: wọ́n ti fi omi, ṣúgà, ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù àti ata lù ú. Oúnjẹ lẹ ó máa tì bọ̀ ọ́, ẹ má dà á sórí ìrẹsì bí ọbẹ̀ ata. Ata wọn kì í sì í tó wa. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ớt, ata tútù gígé, tàbí sa tế, òróró tí wọ́n fi ata àti koóko ọba sè.

Phở ní tirẹ̀ gba sùúrù. Egungun màlúù ni wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú sínámọ́nì, àti atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti fi iná jó, kí wọ́n tó bù ú lé indomie oníìrẹsì. Ẹ kọ́kọ́ fi síbí mu omi rẹ̀ lásán. Kí ẹ tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ tó já ewé sí i, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n sè. Àwọn tó ń fún ọbẹ̀ pupa àti ọbẹ̀ dúdú inú ike sí i kó tó kan ètè wọn máa ń bí mi nínú. Inú àwo kékeré ni kí ẹ fún un sí, kí ẹ máa ti ẹran bọ̀ ọ́. Ẹ tún wo irú ẹran tí ẹ bá mú. Tái ni ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tútù tí wọ́n tò sójú ọbẹ̀. Ìyá ọkọ mi rí i, wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ mà lèyí o!” Mo fi síbí tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi gbígbóná, kó tó di pé wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó ti funfun. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, tàbí aboyún, chín ni kó mú, ìyẹn èyí tó ti jinná láti inú ìkòkò. Gân ni iṣan, sách sì wà nínú ìdílé ṣàkì. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá ọkọ mi, wọ́n ní kí n pe agbáwo padà wá.

Bí ìwé oúnjẹ bá ní bánh xèo, ẹ lọ fọwọ́. Àpòpọ̀ ìyẹ̀fun ìrẹsì, wàrà àgbọn àti atalẹ̀ pupa ni, wọ́n dín in gbẹ, edé àti ẹ̀hù ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ewé lẹ́túùsì tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ já bánh xèo sórí rẹ̀, kí etí tó gbẹ kára wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹ já húng quế sí i, ìbátan efinrin ni, àti tía tô tí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ ká a, ẹ tì í bọ omi ẹja, ẹ gé e jẹ kíákíá kó tó rọ̀. Wọ́n lè gbé fọ́ọ̀kì tì í, ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Bí màmá bá jẹ́ Alhája, ẹ ṣọ́ra fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ó máa ń wà nínú chả giò (róòlù dídín), nínú bánh xèo, nínú cơm tấm (ìrẹsì wẹ́wẹ́). Bún bò Huế, ọbẹ̀ indomie oníìrẹsì mìíràn, tiẹ̀ ń ní ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì. “Không thịt heo”, ìyẹn “kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀”, ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì tún béèrè bóyá agbada kan náà ni wọ́n fi dín gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, kó tètè wí.

Lẹ́yìn tí Saigon, olú ìlú Gúúsù Vietnam nígbà náà, ṣubú lóṣù Kẹrin ọdún 1975 ni ọ̀pọ̀ ará Vietnam sá wá sí Texas, àwọn ọmọ tó dàgbà síbí sì wà lára àwọn tó ń da oúnjẹ Vietnam àti ti ibí pọ̀. Òun ni ẹ fi máa ń rí edé odò (crawfish) Louisiana tí wọ́n yí nínú bọ́tà àti aáyù, tí wọ́n ń wọ̀n tà. Ìgbà rẹ̀ ni Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹfà. Ẹ má wọ aláàárì lọ síbẹ̀.

Wọn kì í pàtẹ́wọ́ pe agbáwo. “Chị ơi” fún obìnrin tó jù yín lọ díẹ̀, “em ơi” fún èyí tí ẹ jù lọ. Ẹ má ki igi ìjẹun mọ́ inú ìrẹsì lóòró, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ki tùràrí fún òkú.

Kọfí wọn, cà phê sữa đá, le gan-an, mílíìkì alágolo dídùn ló ń tàn yín jẹ. Ẹ má fún màmá lálẹ́, àfi bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìdílé títí dìgbà tí ilẹ̀ á fi mọ́. Bíìlì yóò ní owó orí 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, agbáwo á sì máa retí owó ẹ̀bùn 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ ka bíìlì náà dáadáa, wọ́n lè ti kó o sínú rẹ̀, kí ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí phở bá ṣẹ́ kù, ẹ ní kí wọ́n di omi rẹ̀ lọ́tọ̀, indomie lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá sùn pọ̀ mọ́jú, indomie á ti mu gbogbo omi náà tán.