Mo fi bíríkìlà kejì sínú iṣẹ́ tó ti parí, Microsoft Project kọ 0h (wákàtí òdo) fún un

Ìbéèrè: Ọ̀kun o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Kàbà ni mo wà, èmi ni mò ń bá agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ kíláàsì lọ́nà Ìyàrá tọ́jú ṣẹ́dúùlù lórí Microsoft Project. Fáńdéṣọ̀n ti parí, mo ti fi 100% sí i, bíríkìlà kan ṣoṣo ni mo kọ síbẹ̀. Ọ̀gá wá ní àwọn méjì ló ṣe é, kí n fi ìkejì kún un kí owó ẹ̀ lè hàn. Mo ṣí Assign Resources, mo yan orúkọ ẹ̀, ó wọlé, àmọ́ 0h ló kọ fún un, owó ò sún rárá. Mo pa kọ̀ǹpútà mo tún un tàn, pàbó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, àbúrò. Kò bàjẹ́ jàre. Iṣẹ́ tó bá ṣẹ́kù nìkan ni Project máa ń pín fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o sì ti kọ 100%, kí ló wá kù tó fẹ́ fún un? Ẹni tó dé ibi ìnáwó lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ìkòkò ni bíríkìlà ẹ yẹn.

Ìwọ ni kó o fọwọ́ ara ẹ kọ wákàtí ẹ̀ sí i. Lọ sí View, yan Task Usage, wàá rí orúkọ àwọn méjèèjì lábẹ́ iṣẹ́ náà. Apá ọ̀tún tí àwọn ọjọ́ wà, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibẹ̀, kó o máàkì Actual Work (wákàtí tí wọ́n ti ṣe). Lórí ìlà bíríkìlà kejì, gbogbo ọjọ́ tó bá wá, kọ 8h, ọjọ́ tó bá lọ sìnkú ní Ìsánlú, fi sílẹ̀ lófìfo.

Àwọn kan á ní kó o dá % Complete padà sí 0, kó o fi èèyàn náà sí i, kó o tún gbé e lọ sí 100. Ó ń ṣiṣẹ́ o, èmi ni ò fẹ́ràn ẹ̀, torí tó bá ti di 0 báyìí Actual Start àti Actual Finish (déètì tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an àti èyí tó parí) á pa rẹ́, wọ́n á di NA, iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e lè sún, wákàtí tó o ti fọwọ́ kọ fún ẹni àkọ́kọ́ náà á bá a lọ. Tí Effort driven (ètò tó ń pín iye iṣẹ́ kan náà fún àwọn tó wà níbẹ̀) bá tún wà ní títàn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà á di ọjọ́ mẹ́ta lójú ẹ̀ nítorí pé wọ́n ti di méjì, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló fi ọjọ́ mẹ́fà gbáko pò kọnkéré. Tó bá di dandan, kọ déètì yẹn síwèé, ṣe kọ́pì fáìlì náà, pa Effort driven kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, 48h ti hàn o. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ṣì jẹ́ òdo.

Ìdáhùn: Wo Resource Sheet (ibi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà), ó ní láti jẹ́ pé o ò tíì kọ Std. Rate (iye owó iṣẹ́ ẹ̀) sí i. Ojoojúmọ́ la kúkú ń sanwó fún bíríkìlà lọ́dọ̀ wa, torí náà kọ iye ẹ̀ kó o fi /d tẹ̀ lé e, wákàtí mẹ́jọ ni Project ń kà sí ọjọ́ kan àfi tó o bá yí i padà. Tí owó ẹ̀ bá gòkè láàárín iṣẹ́, má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, tẹ orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ sí Costs, kọ iye tuntun àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ò bá ṣì yí, File, Options, Schedule, máàkì gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí wọ́n ti ní Project ni kó máa ṣírò Actual costs.