Aràn funfun inú gíláàsì ẹja

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń sin ẹja sínú gíláàsì, ẹ kú ilé o. Bẹ́ ẹ bá rí aràn funfun tíńtín bí òwú tó ń jó nínú omi, ẹ má sáré da oògùn sí i. Àjẹkù oúnjẹ ló ń mú kó pọ̀. Nílé tèmi ní Mọ́níyà, àṣé ọmọ mi ń yọ́ bọ́ ẹja lẹ́yìn tí mo bá ti bọ́ wọn! Ìwọ̀n tí wọ́n á jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2 ti tó. Ẹ fi rọ́bà fa ẹ̀gbin abẹ́ òkúta jáde.

Aràn mìíràn tórí ẹ̀ rí bí ọfà, tó lójú méjì, planaria nìyẹn. Ẹ má gé e o: ègé kọ̀ọ̀kan lè di odidi.