Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Nínú Ọgbà Ilé ní Àkúrẹ́: Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Omi Abẹ́ Ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ọgbà rẹ̀ sábà máa ń ro omi tí yóò kún inú rẹ̀. Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lóde rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ rò. Òun ló ń la ògiri, òun náà ló ń ti gbogbo iṣẹ́ sókè lẹ́yìn tí owó ti wọlẹ̀ tán.

Kí ẹ tó gbé dígà

Ẹ yẹ kànga yín tàbí ti aládùúgbò wò ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí òjò ti rin ilẹ̀ gbingbin. Ẹ fi okùn wọn bí omi ṣe jìnnà sí ojú ilẹ̀ tó. Níbi tí kò bá sí kànga, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní mítà 2.5, ẹ fi pákó bò ó kí ọmọdé má bàa kó sí i, kí ẹ sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ní ẹ̀gbẹ́ Odò Àlà àti ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀, omi kì í jìnnà. Lórí ilẹ̀ gíga, àpáta ni ẹ ó bá. Bí dígà bá kọlu òkúta ní mítà 1, ó sàn kí ẹ dín jíjìn adágún kù tàbí kí ẹ sún un sí ibòmíràn ju kí ẹ máa sun táyà lórí àpáta lẹ́bàá ilé láti fọ́ ọ lọ.

Ẹ jìnnà sí ṣakáwéè àti sí gbòǹgbò igi ńlá bíi máńgòrò. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tó lè gbé e sókè

Ẹ jẹ́ ká mú adágún tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí jíjìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 1 dé 1.5. Ó tó fún ìdílé; a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa forí sọ sínú rẹ̀ láti òkè. Lítà 40,000 ni yóò gbà, ìyẹn tánkà onílítà 10,000 mẹ́rin.

Bí ìsàlẹ̀ àti ògiri bá nípọn ní mílímítà 200, kọnkéré, pílásítà àti táìlì rẹ̀ lápapọ̀ yóò wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 36. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá fi mítà 1 péré ga ju ìsàlẹ̀ kọnkéré náà lọ, tọ́ọ̀nù 37 ni agbára tó fi ń tì í sókè. Ẹni tó bá fa omi inú rẹ̀ gbẹ nínú òjò kí ó lè fọ̀ ọ́, ó lè bá a tó léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ẹ tẹ́ òkúta nínípọn mílímítà 150 sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ri páìpù kan nàró sí igun tó jìn jù, kó wọ inú òkúta náà, kó sì yọrí sókè. Inú páìpù yìí ni ẹ ó ti máa wo omi abẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti fà á bí ó bá ga. Ẹ ní kí púlọ́ńbà de fááfù mọ́ ihò ìsàlẹ̀ adágún, èyí tí yóò máa gba omi abẹ́ ilẹ̀ wọlé bí ó bá fẹ́ ti adágún sókè.

Gbígbẹ́ àti kọnkéré

Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù, kí kọnkéré ti le kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 60 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí òṣìṣẹ́ lè ráyè dúró. Ilẹ̀ tí ẹ ó gbẹ́ yóò tó kúbíìkì mítà 90, yóò sì wú sí i tó bá jáde síta. Ẹ má kó o jọ sí etí ihò. Ilẹ̀ pupa wa ń dúró ṣinṣin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo lè ya á lulẹ̀ lórí òṣìṣẹ́.

Irin mílímítà 12 ni kí wọ́n so ní ìpele méjì, kí àlàfo àárín irin jẹ́ mílímítà 150 ní ìbú àti ní òró. Kí ẹnjiníà wo ilẹ̀ yín kó tó fọwọ́ sí i. Bísíkíìtì kọnkéré mílímítà 50 ni kí ẹ fi gbé irin kúrò nílẹ̀, kí ìpẹtà má bàa jẹ ẹ́. Gbogbo páìpù gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀, kí ẹ sì ti rọ omi sí i láti dán an wò, kí ẹ tó da kọnkéré. Ẹ fi rọ́bà tí ń dá omi dúró sí ibi tí ògiri ti pàdé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ àti ẹnu páìpù ni omi ti sábà máa ń jò.

Bíríkìlà lè ní búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9 ti tó fún ògiri. Ẹ má gbà á níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga.

Fún báàgì sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn jẹ́ hẹ́ẹ̀dì-páànù 3, òkúta wẹ́wẹ́ jẹ́ 6, omi kò gbọ́dọ̀ ju lítà 25 lọ. Omi àpọ̀jù ń mú kí dídà rọrùn, àmọ́ ihò tíntìntín ló ń fi sílẹ̀ nínú kọnkéré. Sìmẹ́ǹtì yóò tó báàgì 120, láìka ti pílásítà. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ da gbogbo ìsàlẹ̀. Ẹ máa rin ín lómi fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí ẹ má sì rọ omi kún un kí ọjọ́ 28 tó pé.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó lẹ táìlì. Ẹ gbé korobá omi sórí àtẹ̀gùn inú adágún, kí omi inú rẹ̀ àti ti adágún wà ní ìpele kan náà, ẹ sàmì sí méjèèjì. Lẹ́yìn wákàtí 24, bí ti adágún bá lọ sílẹ̀ ju ti korobá lọ, ó ń jò. Bí wọ́n bá dọ́gba, oòrùn ló fà á.

Ẹ̀rọ, iná àti ọgbà

Ẹ̀rọ tí ń fa omi gbọ́dọ̀ lè yí lítà 40,000 ká láàárín wákàtí 6, ìyẹn bíi lítà 6,700 ní wákàtí kan. Ihò tí ń fa omi nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí wọ́n fi mítà 1 jìnnà síra, torí ihò kan ṣoṣo lè fa irun tàbí ara ọmọdé mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn Àkúrẹ́ sábà máa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, àfi nígbà ọyẹ́. Ẹ fi ẹnu tí ń gba ìdọ̀tí ojú omi sí apá àríwá ìlà oòrùn, kí atẹ́gùn lè máa gbá ewé lọ bá a.

Iná inú omi kò gbọ́dọ̀ ju fóólù 12 lọ. Kí ọgbà tó yí adágún ká ga tó mítà 1.2, kí géètì máa pa ara rẹ̀ dé.

Kẹ́míkà

Kílórínì onílẹ́búlẹ́bú tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65%, gíráàmù 60 ń fi mílígíráàmù 1 kún lítà kọ̀ọ̀kan nínú lítà 40,000. Ẹ jẹ́ kí kílórínì wà láàárín mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, kí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 7.2 sí 7.6. Inú omi ni ẹ ó da kẹ́míkà sí. Ẹ má da omi lé kẹ́míkà, ẹ má sì pò ó mọ́ ásíìdì láé. Bí omi bọ́hòòlù bá pọ́n lẹ́yìn kílórínì, irin inú rẹ̀ ló fà á: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fà á gba inú asẹ́ oníyanrìn títí yóò fi mọ́. Omi tí ẹ fi fọ iyanrìn inú asẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sínú adágún ẹja tàbí oko ẹ̀fọ́; kílórínì inú rẹ̀ ń pa ẹja.